Ilẹ̀ Abẹ́ Igi Lind

Láti ìgbà tí Ylva, ọmọ Majken, ti gbé ọmọ tirẹ̀ padà wá sílé ni ọkàn ìyá náà kò ti balẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé kò fẹ́ wọn o. Ta ni yóò bí ọmọ kan ṣoṣo, tí ọmọ náà yóò tún bí ọmọ kan ṣoṣo, tí kò ní fẹ́ kí àwọn méjèèjì wà lábẹ́ òrùlé òun? Ohun tó ń dẹ́rù bà á ni ilẹ̀. Ilẹ̀ tí ilé rẹ̀ dúró lé, tí òun fúnra rẹ̀ ti ń rìn lórí rẹ̀ láìwọ bàtà láti ọjọ́ tí Sixten ti gbé e níyàwó, ilẹ̀ yẹn ni wọ́n wá sọ pé májèlé kún inú rẹ̀. Tyra, ọmọ-ọmọ rẹ̀, sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò sí ohun tó wọ ọwọ́ rẹ̀ tí kì í kan ẹnu.

Gbogbo wa ní abúlé Linnemåla la mọ bí májèlé náà ṣe débẹ̀, torí àwa la fọwọ́ ara wa kó o síbẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ gíláàsì ṣì ń rú èéfín, kò sí ẹni tó ń fowó ra yẹ̀pẹ̀ láti fi tún àgbàlá ṣe. Ilẹ̀ ibí yìí rọ̀, bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ a máa fa bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ èèyàn. Bẹ́ẹ̀ òkìtì ìdọ̀tí wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́, ó ga bí ilé: àfọ́kù ife, ẹrẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń dán gíláàsì, erùpẹ̀ yàrá tí wọ́n ti ń po èròjà. Ọ̀gá ní kí ẹni tó bá ní bárò wá kó o lọ, ọ̀fẹ́ ni. Ta ni í kọ ọ̀fẹ́? Bàbá Sixten kó tirẹ̀. Sixten náà kó tirẹ̀. Yàrá èròjà lòun gan-an ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń po òjé àti ìyẹ̀fun funfun tó ń jẹ́ ásẹ́níìkì mọ́ iyanrìn kí gíláàsì lè mọ́ lóló, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló sì ń ti bárò rẹ̀ bọ̀ wálé. Bí òjò bá dá tí oòrùn yọ, àgbàlá Majken a máa kọ mànà, ní àwọ̀ búlúù, ní àwọ̀ ewé, ní àwọ̀ oyin. Àwọn àlejò a ní, ẹ ò rí i bó ṣe rẹwà! Majken, tó ń fín òdòdó sára ife ọtí ní ilé iṣẹ́ kan náà, a rẹ́rìn-ín, a gbé kọfí jáde fún wọn.

Ohun kan ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya náà láyé ìgbà yẹn, ìyẹn ọ̀nà tí bárò Sixten ń gbà. Láti ẹnubodè, tààrà ni ọ̀nà dé ẹ̀yìn ilé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn a yí gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà ewébẹ̀, a fi ẹsẹ̀ àti táyà ba koríko tí ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú jẹ́, kó ṣáà má baà gbé bárò ìdọ̀tí sún mọ́ igi lind tó wà láàárín àgbàlá. "Ṣé igi yẹn máa bú ẹ ni?" ni Majken máa ń pariwo láti ojú fèrèsé. Sixten a kàn fọwọ́ kan fìlà rẹ̀ bí ẹni ń kí àgbà, a sì máa gba ọ̀nà jíjìn rẹ̀ lọ.

Igi olùṣọ́ ilé ni igi lind náà. Orí ilẹ̀ tó ga díẹ̀ ló dúró sí, bàbá-bàbá Sixten ló sì gbìn ín kí ilé iṣẹ́ gíláàsì tó dé Linnemåla rárá. Ẹni tó bá ní irú igi bẹ́ẹ̀ lágbàlá mọ èèwọ̀ rẹ̀. A kì í já ewé rẹ̀ ṣeré. A kì í gé ẹ̀ka rẹ̀, bí ẹ̀ka bá sì dá fúnra rẹ̀, a kì í fi dáná. Ẹni tó bá ṣá igi náà lọ́gbẹ́, ilé ara rẹ̀ ló ṣá. Lọ́jọ́ ọdún Kérésì, Sixten a da ife bíà kan sídìí rẹ̀ kí òun tó mu tirẹ̀. Gbogbo ìgbà ayé rẹ̀ ni Majken fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún tí Sixten kú, Majken náà bá ara rẹ̀ nínú yìnyín pẹ̀lú ife bíà lọ́wọ́, ó ń dà á sídìí igi, omijé ń dà lójú rẹ̀. Bí igi ṣe di tirẹ̀ nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé tipẹ́ kí ìjọba tó rántí wa. Wọ́n rán àwọn èèyàn tó wọ aṣọ funfun wá, tí wọ́n ń fi irin gígùn gbẹ́ ihò kéékèèké káàkiri. Kò sí ihò kan tó mú èsì rere wá. Wọ́n ní ká má jẹ kárọ́ọ̀tì tí a gbìn mọ́, ká máa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ká má jẹ́ kí ọmọdé fi yẹ̀pẹ̀ ṣeré. Wọ́n ní àwọn yóò hú ilẹ̀ gbogbo àgbàlá, àwọn yóò kó o lọ síbi tí wọ́n ti fi rọ́bà tó nípọn tẹ́ ìsàlẹ̀ kí oró má baà jò wọ odò, àwọn yóò sì fi yẹ̀pẹ̀ tuntun dípò.

Göte, aládùúgbò Majken, ẹni tó ń fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú gíláàsì gbígbóná ní ilé iṣẹ́ títí ó fi di arúgbó, ní ìsọkúsọ ni gbogbo ẹ̀.

"Kékeré ni mo ti ń jẹ kárọ́ọ̀tì inú ilẹ̀ yìí," ló wí. "Wò mí dáadáa. Ṣé mo ti kú?"

"O ò tíì kú," ni Majken dá a lóhùn, "ṣùgbọ́n wo orí ẹ, irun ẹyọ kan ò sí níbẹ̀."

"Irun ò sí lórí bàbá tèmi náà!"

"Ṣebí inú ilẹ̀ kan náà lẹ ti jọ ń jẹun?"

Majken ń ṣàwàdà o, ṣùgbọ́n ó fa gbogbo kárọ́ọ̀tì rẹ̀ tu lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí àwọn aláṣọ funfun gbé irin wọn dé ìdí igi lind, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó jáde sí wọn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ibi tẹ́ ẹ dé yìí, ẹ dúró síbẹ̀."

Östen, ọ̀gá wọn, ọmọ abúlé kejì ni, ó mọ irú ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. "Màmá, ihò kékeré ni. Kò ju ìka méjì lọ."

"Östen, bí mo bá fi ìka méjì gún ẹ lójú, ṣé kékeré ni?"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Östen náà rẹ́rìn-ín, ó họ orí. "Ẹ gbọ́ o, Màmá. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Gbogbo ibi tó yí igi yìí ká ló burú. Ìdí ẹ̀ náà ò lè dáa."

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi bó ṣe burú. Èmi nìkan ni mò ń gbébẹ̀. Kí ló fẹ́ pa arúgbó tí ikú fúnra ẹ̀ ò ní pa?"

Wọ́n gbà fún un. Wọ́n ní nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, àwọn yóò ta àwọ̀n pupa yí ìdí igi náà ká, àwọn ò sì ní fọwọ́ kàn án. Òótọ́ ló sì sọ nígbà náà, òun nìkan ló ń gbébẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òtútù tó lọ, ìgbéyàwó Ylva ní ìlú Göteborg tú ká. Ó ríṣẹ́ nílé àwọn arúgbó tó wà lábúlé wa, ó bá gbé àpótí rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, ó padà sílé ìyá rẹ̀. Yìnyín ṣì bo gbogbo ilẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ó ń yọ́ lọ ni katapílà dé.

Wọ́n hú àgbàlá náà tán pátápátá. Típà ń kó lọ, típà ń kó bọ̀. Nígbà tí wọ́n parí, kò sí ewé kan nílẹ̀ mọ́ láti ẹnubodè dé ẹ̀yìn ilé, yẹ̀pẹ̀ tuntun lásán ni àti òkúta wẹ́wẹ́, eruku ń sọ. Majken ń fi omi nu ilé láàárọ̀, ó tún ń nù ún nírọ̀lẹ́. Kárọ́ọ̀tì tó rà ní ṣọ́ọ̀bù, a fọ̀ ọ́, a tún bó o, a tún fọ̀ ọ́. Ọwọ́ Tyra a máa pọ́n nítorí búrọ́ọ̀ṣì.

"Màmá, ẹ máa bó awọ ọmọ yìí o," ni Ylva wí.

"Awọ máa ń hù padà."

Àfi abẹ́ igi lind nìkan ni koríko wà. Ó tutù, ó ní òjìji, òdòdó funfun tín-ín-tìn-ìn-tín sì ti ń yọ jáde láàárín koríko náà. Àwọ̀n pupa yí i ká bí ẹni ń sọ fún ọmọdé pé, ohun tó dáa jù nílé yìí nìyí. Ojoojúmọ́ ni Majken ń kìlọ̀. Ojoojúmọ́ ni Tyra ń dáhùn pé, "Mo ti gbọ́, Màmá àgbà." Ẹ ṣáà mọ ìtumọ̀ "mo ti gbọ́" lẹ́nu ọmọdé.

Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ọdún àárín ẹ̀rùn, àjọ̀dún tí a máa ń ṣe nígbà tí ojúmọmọ gùn jù, ìgbà tí igi lind yọ òdòdó tí oyin ń hó lórí rẹ̀ bí omi gbígbóná, Majken ń bó pòtétò ní ilé ìdáná. Ó gbúròó Tyra lẹ́yìn ilé tó ń kọrin. Nígbà tó yá, kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọmọ tó bá dákẹ́, iṣẹ́ ló ń ṣe. Majken ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó jáde. Tyra kò sí lẹ́yìn ilé. Kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọ̀kánkán igi, ó rí i pé àwọ̀n ti ká sókè níbì kan.

Tyra jókòó sórí gbòǹgbò. Ó ti po yẹ̀pẹ̀ pọ̀ mọ́ omi nínú ìkòkò ìṣeré rẹ̀, ó fi òdòdó lind sórí rẹ̀. Ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ wà létè rẹ̀, ó wà lórí eyín rẹ̀, ó ti ṣàn dé àgbọ̀n.

"Màmá àgbà, ẹ wá jẹun," ló wí. "Mo ti tọ́ ọ wò. Ó dùn."

Majken kò mọ bó ṣe fò wọ inú àwọ̀n. Ó gbé ọmọ náà lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fi ìka fọ ẹnu rẹ̀, ó ń pariwo pé "tu ú! tu ú dànù!" títí ọmọ fi bú sẹ́kún, tí òun náà sì ń sunkún. "Ṣíbí mélòó? Tyra, ṣíbí mélòó lo jẹ?" Ọmọ ọdún mẹ́rin wo ni yóò mọ iye ṣíbí? Tyra ní ó pọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun ò jẹ rárá. Lẹ́yìn náà ó ní àná lòun jẹ èyí tó pọ̀.

Ọ̀rọ̀ àná yìí ló pa Majken. Ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ọmọ náà. Nọ́ọ̀sì ní ojú ẹ̀ dáa, ara ẹ̀ le, ṣùgbọ́n òjé kì í fojú hàn, kí wọ́n dúró de èsì, yóò tó bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ylva kò sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò títí wọ́n fi délé. Ó gbé ọmọ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá dúró síwájú ìyá rẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ hú u, ẹ ò gbà."

"Ylva, nígbà yẹn, ẹ̀yin ò tíì..."

"Wọ́n fẹ́ hú u, Màmá! Ẹ fi igi ṣáájú. Ẹ lé wọn pẹ̀lú ìgbálẹ̀, gbogbo ìlú ló fi ń rẹ́rìn-ín! Èmi ò lè gbé níbi tí ilẹ̀ á máa pa ọmọ mi díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé mo máa gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá ẹ̀. Ó sàn kó wà lọ́dọ̀ ọkùnrin òmùgọ̀ yẹn ju kó wà níbí lọ."

Láti ọjọ́ náà, bí Tyra bá wúkọ́, Majken a dìde lọ wò ó. Bí ọmọ náà bá ní inú ń run òun, bí ó bá sùn pẹ́, bí ó bá gbàgbé orúkọ ohun kan, Majken a sọ nínú ara rẹ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ti sọ fún un pé òjé máa ń jẹ ọpọlọ ọmọdé. Ó wá ń bi ọmọ náà ní ìbéèrè bí olùkọ́: kí ni orúkọ ajá Göte? Àwọ̀ wo ni sókísì ẹ? Tyra rò pé eré ni, ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣì í, ó ní ajá Göte ń jẹ́ Pòtétò. Majken wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó fi aṣọ ìnura di ẹnu.

Ó lọ bá Östen níbi tí wọ́n ti ń hú àgbàlá tó kẹ́yìn lábúlé.

"Ẹ̀yin ṣì wà níbí di ìgbà wo?"

"Ọjọ́ Jímọ̀, Màmá. Lẹ́yìn náà a máa kó ẹ̀rọ lọ sí abúlé kejì. Bí a bá ti lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀, bóyá ọdún tó tẹ̀ lé e."

"Ẹ ò lè hú ìdí igi yẹn kí igi wà níbẹ̀?"

"Igi tó tóbi báyìí? Bí a bá gé gbòǹgbò ẹ̀, ó máa wó lu ilé yín. Igi máa lọ ni." Ó wo ojú rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe é. "A lè gbẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ ránṣẹ́, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ná. Ṣùgbọ́n kí èsì tó dé, a ti lọ."

"Kí lo rò pé èsì yẹn máa sọ?"

Östen nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Màmá, nínú gbogbo àgbàlá tí mo ti hú ní Linnemåla, mi ò tíì rí ẹyọ kan tó mọ́."

"Ó dáa," ni Majken wí. "Ẹ wá lọ́la."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tíì jẹun, ó bu bíà sínú ife, ó wọ inú àwọ̀n lọ. Kì í ṣe ọjọ́ Kérésì, oyin ń hó lókè orí rẹ̀, òórùn òdòdó náà gba gbogbo àgbàlá. Ó da bíà náà sídìí igi. Ó ti ronú ọ̀rọ̀ tó gùn láti sọ, ṣùgbọ́n nígbà tó débẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju pé, "Má bínú. Nítorí ọmọ ni." Ó fọwọ́ kan èèpo igi náà, ó kúrò níbẹ̀.

Göte ti dúró lẹ́nubodè, ó bọ́ fìlà rẹ̀ sọ́wọ́. Kò ṣàwàdà lọ́jọ́ yẹn.

"Igi tí bàbá-bàbá ọkọ ẹ gbìn, Majken."

"Mo mọ ẹni tó gbìn ín."

"Bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló ń mọ ibi tó máa wó sí. Ìwọ lágbà ilé yìí. Ṣé o mọ ibi tí eléyìí máa wó sí?"

"Mi ò mọ̀," ni Majken wí. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ yẹn ò ní jẹ yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Bí ibi kan bá wà nínú kéèyàn gé e, kó wá bá èmi, kó má bá ọmọ."

Wọ́n fi okùn irin dì í kó má baà wó lu ilé. Ẹ̀rọ agégi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Majken dúró títí wọ́n fi ṣe é tán, kò gbójú kúrò, torí ó kà á sí ìwà ojo kéèyàn pàṣẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó sì lọ fara pa mọ́ sínú ilé. Nígbà tí igi náà balẹ̀, ife inú kọ́bọ́ọ̀dù mì. Wọ́n fa kùkùté tu, wọ́n hú ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì kó ilẹ̀ náà jọ lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n fi tapólì bò ó. Òfin ni pé kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó mọ ibi tí wọn yóò dà á sí, èyí tó burú díẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tó burú gan-an lọ́tọ̀. Majken ò lè wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Àwọn oyin padà wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ń fò yípo ní òkè níbi tí ẹ̀ka ti máa ń wà, wọn ò rí nǹkan bà lé.

Ọjọ́ Sátidé dé, Ylva kò di ẹrù. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ó kàn po kọfí fún ìyá rẹ̀, ó fi kéèkì wàrà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jókòó tì í lójú fèrèsé, àwọn méjèèjì jọ ń wo ibi tó ṣófo náà. Bí wọ́n ṣe parí ìjà nìyẹn. Ṣùgbọ́n èsì ẹ̀jẹ̀ kò tíì dé, ẹ̀rù náà sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Ọ̀sẹ̀ méjì náà ti ń pé lọ, wọ́n ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tí fóònù Ylva dún. Ó gbé e, ó gbọ́, ó ní "bẹ́ẹ̀ ni," ó tún ní "bẹ́ẹ̀ ni," ó wá fọwọ́ bo ẹnu. Majken di etí tábìlì mú.

"Kò sí nǹkan!" Ylva ń pariwo. "Màmá, kò sí nǹkan kan lára ẹ̀! Wọ́n ní bíi ti ọmọ tí ò fẹnu kan yẹ̀pẹ̀ rí!"

Majken jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Tyra fò lé e lẹ́sẹ̀.

"Màmá àgbà, kí ló dé tẹ́ ẹ jókòó sílẹ̀?"

"Ilẹ̀ ló wù mí jókòó sí, ọmọ-ọmọ mi. Kí ni orúkọ ajá Göte?"

"Pòtétò!"

"O káre! Pòtétò gan-an ni!" Ó gbé ojú sókè sí Ylva. "Igi yẹn ló gba ẹ̀bẹ̀ mi. Ó fi ara ẹ̀ rọ́pò ọmọ. Mo mọ̀."

Inú ayọ̀ yìí ni wọ́n wà tí Östen fi kan ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ ti gbé e lọ sí abúlé kejì, láti ibẹ̀ ló sì ti wakọ̀ wá. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí òfin ṣe wí, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ylva bu kọfí fún un, kò mu ún. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ọmọ fún un, ó ní inú òun dùn púpọ̀, ojú rẹ̀ kò sì jọ ti ẹni tí inú rẹ̀ dùn.

"Màmá, wọ́n ti yẹ ilẹ̀ ìdí igi yẹn wò."

"Ó burú gan-an, àbí?"

"Ó mọ́."

"Kí ló mọ́?"

"Ilẹ̀ náà. Látòkè dé ìsàlẹ̀. Òjé tó wà níbẹ̀, ásẹ́níìkì tó wà níbẹ̀, kò ju ti inú igbó lọ. Mo ní kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, mo rò pé wọ́n ṣì í mú. Ohun kan náà ni wọ́n sọ. Kò sí àfọ́kù gíláàsì kan nínú ẹ̀, Màmá. Kò sẹ́ni tó da nǹkan síbẹ̀ rí."

Majken dìde nílẹ̀, ó lọ dúró lójú fèrèsé, fèrèsé tó ti máa ń pariwo mọ́ ọkọ rẹ̀ láyé ọjọ́un. Ó rí Sixten bí ẹni pé àná ni. Ó rí i tó ń ti bárò láti ẹnubodè, tó yí gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà ewébẹ̀, tó fọwọ́ kan fìlà. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí ò gbọdọ̀ dé ìdí igi olùṣọ́ ilé, wọn ò sì jẹ́ kó débẹ̀ rí, ṣọ́bìrì kan báyìí, ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi kó o wálé. Inú sì ń bí Majken sí ọkọ rẹ̀ títí, nítorí koríko.

"Màmá, ẹ ò lè mọ̀," ni Ylva wí lẹ́yìn rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó lè mọ̀."

"Mo mọ̀," ni Majken wí. "Mo wà lójú fèrèsé."

Östen họ orí rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ tapólì ńkọ́, nígbà tó ti mọ́, àwọn lè lò ó níbòmíràn, àwọn abúlé tó kù ń wá irú ẹ̀.

"Ẹ má gbé e lọ!" Ohùn rẹ̀ le débi pé Tyra di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Majken rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dà á padà síbi tẹ́ ẹ ti kó o."

Wọ́n dà á padà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, òkìtì kékeré kan wà láàárín àgbàlá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó dúdú láàárín yẹ̀pẹ̀ tuntun tó rí bí eérú, kò sì sí òjìji lórí rẹ̀. Tyra gbé ìkòkò ìṣeré rẹ̀ jáde, ó wo ìyá àgbà rẹ̀ lójú ná, bóyá yóò pariwo. Majken kò pariwo. Ó gbé àga ìdáná jáde, ó jókòó sétí òkìtì náà nínú oòrùn. Ọmọ náà po yẹ̀pẹ̀, ó bu omi sí i, ó rò ó, ó tún rò ó, ó wá na ṣíbí sí i.

"Màmá àgbà, ẹ jẹun."

Majken gba ṣíbí náà. Ó bu ìwọ̀nba ohun tí ìka lè mú, ó fi í sẹ́nu, ó gbé e mì.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn," ló wí. "Bàbá àgbà ẹ ló fi í pa mọ́ dè ẹ́."